Òkúta oní-fern tí mo rà l'Àkúrẹ́, ẹ má fọ ara ẹ̀ o

Màmá kan wà lọ́nà Ọbà-Ilé tí wọ́n ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ọwọ́ wọn ni mo ti ra òkúta tí fern hù sí lára, ewé tó máa ń hù lára ọ̀pẹ yẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n pè é, mo ná an títí wọ́n fi gbà á ní mẹ́ta. Mo délé, mo rí i pé mọ́ọ̀sì bo gbogbo ara ẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lára ògiri lásìkò òjò téèyàn fi ń yọ̀ ṣubú, mo ní ìdọ̀tí rèé, mo mú búrọ́ọ̀ṣì mo gbo ó dànù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn fern kéékèèké ti gbẹ bí ewé tábà.

Mo gbé e padà, mo ti múra ìjà. Màmá wò ó, wọ́n pòṣé, "Ọmọ mi, ilé ọmọ lo gbo dànù yẹn o."

Wọ́n já ewé fern àgbà kan, wọ́n yí i padà, tó-tò-tó búráùn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí mo rò pé kòkòrò ni, inú ẹ̀ ni eruku tó ń di ọmọ wà, torí fern kì í yọ òdòdó, kì í so èso. Eruku yẹn tó bá bọ́ sórí òkúta lásán oòrùn á yan án, àmọ́ tó bá bọ́ sínú mọ́ọ̀sì á rí omi mu, á kọ́kọ́ hu nǹkan pẹlẹbẹ kan tó rí bí ọkàn, kò tó èékánná, inú omi ni akọ sì ti máa lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ abo kí fern gangan tó yọ, tí ibẹ̀ bá gbẹ, ó parí nìyẹn. Mọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ ò ní gbòǹgbò gidi, ara ló fi ń mu omi, ó kàn rọ̀ mọ́ òkúta, ó ń kó eruku àti ewé jíjẹrà jọ títí á fi di yẹ̀pẹ̀ díẹ̀. Abájọ tí mo fi ń rí fern lórí àpáta Ìdànrè!

Wọ́n fún mi ní òmíì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà péré ni wọ́n gbà. Ìdí tánkì ni mo gbé e sí, níbi tí oòrùn ò ti pa á, mo ń wọ́n omi sí i láràárọ̀, ọyẹ́ gan-an ò rí i mú. Láàárọ̀ yìí mo ka ewé tuntun mẹ́sàn-án, orí wọn ṣì ká jọ bí ìkarahun ìgbín.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọn kì í ṣàlàyé fún kọ́sítọ́mà àfi tí nǹkan bá ti kú tán (ìgbà tí mo padà lọ ni wọ́n tó sọ pé tí mọ́ọ̀sì bá ki jù kí n dín in kù, ó lè bo àwọn ọmọ mọ́lẹ̀), inú ọ̀rá lásán ni wọ́n sì ń dì í sí, díẹ̀ ló kù kó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí ọ̀kadà. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ mú páálí dání tẹ́ ẹ bá ń lọ.