Táàpù Bésìn Bálùwẹ̀: Èwo Ló Bá Omi Ilé Wa Mu?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Bí táàpù bésìn yín bá ti ń kán tótó tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má tíì wo dídán rẹ̀. Omi tí yóò máa gba inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ọ̀pọ̀ ilé wa ló ń fa omi láti bọ̀họ́ọ̀lù tàbí kànga sínú táǹkì, kó tó máa ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ kì í fi agbára púpọ̀ ṣàn, ó sì sábà máa ń gbé iyanrìn dání.

Idẹ àti síńkì

Idẹ ni mo fọwọ́ sí. Ó wúwo lọ́wọ́, omi kì í tètè jẹ ẹ́, ó sì ń pẹ́ lára páìpù. Síńkì, ìyẹn mẹ́táàlì tí òyìnbó ń pè ní zinc, tí wọ́n fi kúróòmù bò máa ń dán bákan náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tí kúróòmù yẹn bá ti bó, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹ dojú táàpù dé, kí ẹ wo inú ihò ìdí rẹ̀ níbi tí kúróòmù kì í dé. Bó bá pupa rúsúrúsú, idẹ ni. Bó bá rí bí eérú, síńkì ni. Àwọn kan ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, ṣùgbọ́n mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú idẹ, kì í sì í mú síńkì. Irin lásán ló lè tú fó.

Ike kì í dípẹtà, owó rẹ̀ sì fúyẹ́, àmọ́ ó tètè ń là bí spánà bá fún un jù. Bésìn ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ fi í sí.

Oníwáṣà àti onísẹ̀rámíìkì

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Oníwáṣà ni èyí tí a ń yí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí omi tó dá. Rọ́bà kékeré kan ló ń tẹ ojú omi pa. Onísẹ̀rámíìkì, ẹ yí i díẹ̀ báyìí, omi ti dé. Àwo líle kékeré méjì ló ń yọ̀ lórí ara wọn nínú rẹ̀: bí ihò wọn bá ṣe déédéé, omi á kọjá, bí wọ́n bá yẹ̀ fún ara wọn, ó dá.

Nínú omi tó mọ́, sẹ̀rámíìkì ń pẹ́ ju wáṣà lọ, ó sì rọrùn fún àgbàlagbà tí oríkèé ọwọ́ ń dùn. Iyanrìn ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ tú èyí tó ti ń jò, kí ẹ gbé àwo rẹ̀ sí oòrùn: ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín bí irun tó fà láti etí ihò lọ sí etí àwo. Ibẹ̀ lomi ń gbà. Ìlà yẹn kò ṣeé tún ṣe, odidi kátíríìjì, ìyẹn ohun inú táàpù tó gbé àwo méjèèjì dání, lẹ ó pààrọ̀, ẹ sì lè wá irú rẹ̀ dé Lọ́kọ́ja. Iyanrìn ń jẹ wáṣà náà, àmọ́ rọ́bà tuntun kò wọ́n, pulọ́ńbà èyíkéyìí sì lè fi í sí i.

Nítorí náà, ẹ gbé omi kalẹ̀ nínú bùkẹ́ẹ̀tì di òwúrọ̀. Bí iyanrìn bá wà nísàlẹ̀, ẹ ra oníwáṣà tí wọ́n fi idẹ ṣe. Bí ẹ bá ti ní fílítà lẹ́nu páìpù táǹkì, ẹ ra onísẹ̀rámíìkì.

Ilé tí a kì í ṣí àfi nígbà Kérésì ńkọ́? Rọ́bà tó gbẹ pẹ́ máa ń le. Ẹ ra wáṣà díẹ̀ pamọ́, kí ẹ sì ti omi láti ìdí táǹkì kí ẹ tó padà sí Èkó tàbí Àbújá.

Ẹyọ kan àti míkísà

Ilé tí kò ní hítà kò nílò míkísà, ìyẹn táàpù tó ń po omi gbígbóná àti omi tútù pọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ, ẹ kọ́kọ́ wo gíga táǹkì yín. Táǹkì tó fi mítà 10 ga ju táàpù ló ń fún omi ní agbára bíi báà 1 (báà ni a fi ń wọn agbára omi). Èyí tó ga ní mítà 4 kò ju 0.4 lọ. Àwọn míkísà kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí páálí wọn pé báà 1 ni wọ́n ń fẹ́, ẹ kà á dáadáa.

Ẹ wọn ihò bésìn kí ẹ tó kúrò nílé: míkísà sábà ń gba mìlímítà 35, táàpù ẹyọ kan tó jẹ́ háàfù íǹṣì ń gba bíi 22. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí àwọ̀n ẹnu rẹ̀ wò. Bó bá ṣeé tú, ẹ ó lè máa ṣan iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ fi sílẹ̀ lórí káńtà.