Alájọ tó ń gba owó ní ìlà àwa aláṣọ ní Gbági

Ó di ọdún kẹfà báyìí tí mo ti ń dá àjọ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń yípo ìlà àwa aláṣọ ní ọjà Gbági Tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, n'Ìbàdàn níbí. Mo rí i pé ó tọ́ kí n sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí, nítorí ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ nípa òwò àti ipò olórí ju èyí tí mo rí kọ́ ní gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti sanwó fún lọ.

₦1,000 ni mò ń dá lóòjọ́. Ojú 31 ló wà nínú káàdì pélébé tó fún mi. Bí mo bá ti sanwó, yóò fa ìlà sí ojú kan níṣojú mi, yóò fa irú rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀, kò sì ní kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù títí n ó fi rí méjèèjì. Bí káàdì bá kún, ₦30,000 ni yóò kó fún mi, owó ọjọ́ kan tó kù sì jẹ́ èrè tirẹ̀. A máa ń yin ọlọ́pọlọ pípé pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní kì í kọ owó oníbàárà sílẹ̀ tí kì í sì í ṣì í san, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni ọkàn tèmi balẹ̀ sí.

Oṣù kejì 2023 ni mo tó mọ irú ẹni tí mò ń bá ṣe. Wọ́n ti pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó pépà sì wọ́n bí ojú. Obìnrin yìí kò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń fi iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ hàn wá lójú fóònù. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, owó yín wà, pépà rẹ̀ ni kò sí nílẹ̀." Ó fi tiwa ránṣẹ́ sí àkáǹtì wa, ó sì kó ìwọ̀nba owó pépà tó rí fún àwọn ìyá àgbà tí kò ní àkáǹtì.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, torí mo jẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rin ní owó oṣù, mo sì ń yẹra fún wọn. Mo pè wọ́n jókòó nírọ̀lẹ́, mo ṣí ìwé ọjà fún wọn kí wọ́n rí ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Gbogbo ọjọ́ Sátidé la ń ṣe é títí di òní. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú ṣí ìwé wọn fún wa bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní àléébù. Nígbà tí àìsàn dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí ẹni tó gba ipò rẹ̀, owó tó yẹ kí n fi ra ọjà sì pẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ ẹnì kan; ó ní òun ṣì ń wá ẹni tí òun lè fọkàn tán. Bákan náà, àjọ kì í bí èlé, ọ̀wọ́ngógó ọjà sì kọjá ìdá 30 nínú 100 lọ́dún 2024, nítorí náà n kì í jẹ́ kí owó mi ju oṣù kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìkójà nìkan ni mò ń dá síbẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń lọ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa.