Àgbéyẹ̀wò: MiFi tí ilé-ìkàwé ń yáni ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló ní káàdì ilé-ìkàwé ìjọba lọ́wọ́ tí wọn kò mọ̀ pé káàdì náà lè gba MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, fún wọn gẹ́gẹ́ bó ti ń gba ìwé. Inú àpò kékeré kan ni èyí tí mo yá ní àdúgbò wa ní ìpínlẹ̀ Texas wà, pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ àti ìwé pélébé tí wọ́n kọ páásíwọ̀ọ̀dù sí. N kò san kọ́bọ̀.

Síìmù ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà títàn nìkan ló kù. Àwọn ọmọ ń fi í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, màmá mi sì ń fi í bá àwọn ará ilé l'Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp nígbà kan náà, kò sì dá dúró, àfi nínú yàrá ẹ̀yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n orí fọ́ọ̀mù ìjọba ni mo ti mọ iyì rẹ̀ jù: ẹni tó bá ti fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù olójú-ewé púpọ̀ rí, tí dátà sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó fi ránṣẹ́, kò ní bá mi jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń yáni. Bí ọjọ́ ìdápadà bá kọjá, wọn kì í wáni wá sílé. Ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ti ń gé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì di òkúta lọ́wọ́ ẹni. Bí ẹlòmíràn bá sì wà lórí ìlà, kò sí àfikún ọjọ́. Ìlà yìí gùn, ó sì dùn mí.

Kí n má purọ́, ẹ̀bi náà kọjá àwọn òṣìṣẹ́ orí káńtà. Lọ́dún 2021, lásìkò kòrónà, ìjọba àpapọ̀ ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là sọ́tọ̀ kí ilé-ìwé àti ilé-ìkàwé lè ra irú ẹ̀rọ báyìí. Ètò náà ti parí. Ètò ACP, tó ń bá àwọn ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ san 30 dọ́là nínú owó íntánẹ́ẹ̀tì oṣooṣù, dópin ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ní oṣù keje, àjọ FCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé kí E-Rate, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ran ilé-ìwé àti ilé-ìkàwé lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ṣètìlẹ́yìn fún MiFi ilé-ìkàwé, àjọ kan náà ló sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ta ni yóò wá ra púpọ̀ sí i?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí wọn kò tíì wá so íntánẹ́ẹ̀tì sílé rẹ̀, ni mo rò pé ó bá mu jù. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò máa lò láti ọdún dé ọdún kò lè gbójú lé e. Ẹ béèrè “hotspot”, bí wọ́n ṣe ń pe MiFi níbẹ̀, lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó nílò rẹ̀.