Takisí yẹ́lò ní pápákọ̀ JFK: ó dára, bí ẹ bá mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ san

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní pápákọ̀ òfuurufú John F. Kennedy ní New York pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ, takisí yẹ́lò la máa ní kó wọ̀. Kì í ṣe pé ó pọ́ọ́kú. Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìjọba ìlú, nípasẹ̀ TLC, àjọ tó ń ṣàkóso takisí, ló ń pinnu iye owó rẹ̀. Kò sí ìdúnàádúrà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tí wọ́n bí sí Brooklyn, iye kan náà ni wọ́n ń san. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ iye náà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ san ju bó ṣe yẹ lọ.

Wàhálà lè bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí ọkọ̀ rárá. Bẹ́ ẹ ṣe ń jáde lọ́dọ̀ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹnì kan lè sún mọ́ yín, kó máa sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé "Taxi? Taxi?", kó sì na ọwọ́ sí báàgì yín. Agbèrò nìyẹn. Òfin kò fún un láyè, ọkọ̀ rẹ̀ ò ní mítà, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí ẹrù yín bá ti wà nínú búùtù ni yóò tó pe iye tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn, kódà bó bá múra dáadáa tó sì fi káàdì kan han yín. Ẹ tẹ̀lé àmì "Taxi" dé ìta, níbi tí èrò tó ń dé máa ń gbà jáde. Ẹ ó bá ìlà níbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó ń pín èrò sínú ọkọ̀. Bí ìlà bá gùn, ẹ fara dà á.

Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ wo orí ọkọ̀ náà. Iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí: nọ́ńbà kan, lẹ́tà kan, nọ́ńbà méjì. Ohun kan náà gbọ́dọ̀ wà lára pátákó nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Takisí aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ máa ń rí nígboro kò láṣẹ láti gbé èrò lórí ìlà ní pápákọ̀.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù ni mítà, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ síbẹ̀. Mítà ní bọ́tìnnì fún oríṣi ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan. Rate 1 ni ti inú ìlú, Rate 2 ni ti JFK sí Manhattan, Rate 4 ni ti agbègbè Nassau àti Westchester tó wà lẹ́yìn ìlú. Ní Rate 4, bí ọkọ̀ bá ti kọjá ààlà ìlú, ìlọ́po méjì ni mítà ń ká. Ní 2010, TLC rí i pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń tẹ Rate 4 fún èrò tí kò kúrò nínú ìlú rárá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ṣe é kí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú èrò lẹ́yìn máa kéde rẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má pa ojú yín dé kẹ́ ẹ tó wo ohun tó wà lójú mítà.

Bó bá jẹ́ Manhattan lẹ̀ ń lọ, Rate 2 gbọ́dọ̀ hàn. Owó gígé ni, ìyẹn iye kan pàtó tí mítà kò lè yí padà: dọ́là 70, láti oṣù Kejìlá 2022 (dọ́là 52 ni tẹ́lẹ̀). Ọkọ̀ lẹ̀ ń sanwó fún, kì í ṣe orí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ń fi àwọn nǹkan kéékèèké kún un, èyí tó bófin mu: sẹ́ǹtì 50 ti MTA (àjọ ọkọ̀ èrò ìjọba), dọ́là 1 ti àtúnṣe, owó pápákọ̀ tó sún mọ́ dọ́là 2, dọ́là 2.50 bí ẹ bá wọ ìsàlẹ̀ Òpópónà 96 (ìyẹn apá gúúsù rẹ̀), àti láti oṣù Kìíní 2025, sẹ́ǹtì 75 bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ Òpópónà 60. Nítorí náà, hòtẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín Manhattan yóò jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 77. Láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, dọ́là 5 yóò tún gorí rẹ̀. Bí awakọ̀ bá gba inú ihò abẹ́ omi tó ń jẹ́ Queens-Midtown Tunnel, ẹ̀yin lẹ máa san owó ibodè rẹ̀. Afárá Queensboro ní tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbà. Nígbà tó jẹ́ pé owó ti di gígé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá kò kan àpò yín, àkókò nìkan ló máa jẹ.

Ṣé dọ́là 70 yìí tọ́? Lọ́gànjọ́ òru tí ọ̀nà dá, mítà lásán ì bá dín díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ó ń gba yín lọ́wọ́ mítà tí ì bá máa sáré lórí ìdúró.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń bọ̀ ní JFK kì í lọ sí Manhattan. Brooklyn ni, Queens ni, Bronx ni. Owó gígé kò sí fún àwọn ibẹ̀ rárá, Rate 1 ni. Bí awakọ̀ bá wá sọ fún ẹni tó ń lọ sí Flatbush ní Brooklyn pé "seventy, flat", irọ́ ni, owó yín ló ń wá. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín: dọ́là 3 lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà sẹ́ǹtì 70 fún ìdá kan nínú ìdá márùn-ún máìlì, tàbí fún ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ bá ń fà tàbí tó dúró. Máìlì 10 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 nínú súnkẹrẹ yóò jẹ́ 3 + 35 + 7, dọ́là 45. Àfikún kéékèèké yóò mú un dé nǹkan bíi 48. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, dọ́là 1 sí i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, 2.50 sí i. JFK sí Brooklyn tàbí Queens kì í sábà ní owó ibodè. Bronx ló le: ọ̀nà jìn, afárá Whitestone tàbí Throgs Neck sì ń gbowó, nítorí náà iye tẹ́ ẹ máa san lè ju ti Manhattan lọ. Ẹni tó ń lọ Bronx, kó kọ́kọ́ wo iye tí Uber àti Lyft pè, Wi-Fi ọ̀fẹ́ wà nínú pápákọ̀.

Bó bá jẹ́ Jamaica lẹ̀ ń lọ, ìyẹn àdúgbò kan ní Queens tí kò jìnnà rárá, ojú awakọ̀ lè kọ́rẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti lè wà lórí ìlà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì ń retí Manhattan. Ìyẹn kò sọ yín di ẹlẹ́ṣẹ̀. Níbikíbi nínú agbègbè márùn-ún ìlú náà, ó gbọ́dọ̀ gbé yín. Pápákọ̀ sì ní ètò fún awakọ̀ tó bá gbé èrò ìtòsí, kó lè padà síwájú ìlà láìbẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn.

Ẹrù kò ní owó tirẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ni ọkọ̀ lásán ń gbà, márùn-ún ni ọkọ̀ ńlá kan ń gbà, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méje sì lè jókòó lórí ẹsẹ̀ àgbà lẹ́yìn. Ìdílé mẹ́rin tó gbé báàgì kìlógíráàmù 23 mẹ́jọ láti Èkó kò lè wọ inú ọkọ̀ kékeré. Ẹ ti sọ fún òṣìṣẹ́ orí ìlà pé ọkọ̀ ńlá lẹ̀ ń fẹ́.

Ní ti sísan, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ káàdì. Ẹ gbé káàṣì dání síbẹ̀, nítorí káàdì náírà lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ẹ ṣẹ́ owó náà wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó dé orí ìlà: òfin kò fi dandan mú awakọ̀ láti wá ṣéńjì fún owó tó ju dọ́là 20 lọ, bẹ́ẹ̀ dọ́là 100 gbagidi ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé wá. Típù kì í ṣe àfipáṣe, àmọ́ àṣà ibẹ̀ ni, ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tó wà lójú ẹ̀rọ sábà máa ń ga; ẹ lè tẹ iye tó wù yín síbẹ̀.

Ẹ gba rìsíìtì kí búùtù tó ṣí. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára rẹ̀. Bí owó bá ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí báàgì kan ṣẹ́ kù sẹ́yìn, 311, nọ́ńbà fóònù ìjọba ìlú, lẹ máa pè, nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè.