Dúróò mẹ́ta àti férémù méjì: iṣẹ́ káfíńtà kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá ni mo gbé iṣẹ́ fún ìsọ̀ káfíńtà kan ní agbègbè Lágere: kọ́bọ́ọ̀dù kékeré onídúróò mẹ́ta àti férémù àwòrán méjì, igi ọ̀gànwó ni a ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ pé n kò fẹ́ rí ìṣó kankan ní igun dúróò, pé dovetail ni mo fẹ́. N kò retí pé yóò gbà, nítorí pé gúlù àti ìṣó ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti gbé iṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀ fi ń yanjú igun. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé ẹ óò lè ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n? Ọwọ́ la fi ń gé e o.”

Níbi dovetail, a ó gé ẹnu igi ẹ̀gbẹ́ dúróò kí ó fẹ̀ níta, kí ó sì tín-ín-rín nídìí, bí ìrù ẹyẹlé tí ó tẹ́. A ó wá gé eyín sí igi iwájú, èyí tí yóò wọ àlàfo àárín àwọn ìrù náà. Bí a ti wù kí a fa dúróò tó, igi iwájú kò lè já kúrò lára ti ẹ̀gbẹ́, ìbáà jẹ́ pé gúlù ti kú.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan láti wò ó. Nígbà tí ó gé ìrù tán, ó gbé e lé orí igi kejì, ó sì fi ẹnu ọ̀bẹ fa ìlà yí i ká, nítorí pé ìlà pẹ́ńsùlù nípọn jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní fún igi líle bí ọ̀gànwó, bí ìrù bá gùn ní ìwọ̀n 8, kí ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní 1. Fún igi rírọ̀ bí arère, kí ó jẹ́ 1 sí 6, torí pé igi rírọ̀ máa ń fún pọ̀ tí ó sì lè yọ jáde. Apá tí a ó jù nù ni ó fi ayùn sí, ó sì dá ìlà náà sí. Nígbà tí ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ dé ìdajì, ó yí igi padà, ó sì gbẹ́ ìyókù láti òdì kejì kí ẹ̀yìn igi má baà fà ya.

Nínú igun méjìlá, mọ́kànlá dára débi pé káàdì ìpè kò ráyè wọ ibi tí igi méjèèjì ti pàdé. Ìkejìlá ni wọ́n fi gúlù po ìyẹ̀fun igi dí, ó sì hàn, nítorí pé ibẹ̀ kò mu fáníìṣì bí ìyókù.

Ti férémù ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Igun tí a gé ní ìdábùú, ìwọ̀n díígírì 45, gúlù nìkan kì í fẹ́ dì í mú dáadáa, nítorí pé orí igi tí a gé máa ń fa gúlù náà mu. Ìdí nìyẹn tí a fi ń la ihò tóóró sí igun náà, tí a ń ki igi pẹlẹbẹ tí à ń pè ní spline bọ̀ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ ni ọ̀gá fi èyí sí lọ́wọ́. Igi àfàrà funfun tí ó lò fi ẹwà hàn lára ọ̀gànwó pupa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìlà ara igi náà dábùú ojú ibi tí igun ti pàdé. Ó jẹ́ kí ó bá a lọ ní gígùn. Ọyẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ kò tíì parí tí spline méjì fi là sí méjì, tí igun sì yà. Mo gbé e padà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì tún spline mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gé láìgba kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tí ó mì.

₦180,000 ni mo san fún gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó dá di méje, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sì pè mí láàárín rẹ̀. N óò tún gbé dúróò fún un. Bí ó bá jẹ́ férémù, n óò kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò gé e.