Ẹni tó bá mi fi àgádágodo sí síìmù l'Óṣogbo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Óṣogbo, tàbí tẹ́ ẹ ń wá ná Ọjà-Ọba, ẹ jẹ́ n júwe ibì kan fún yín. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, kò ní sáínbọ́ọ̀dù, ọ̀nà Ọláìyá níbi tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe pọ̀ sí ló wà, ẹ ṣáà bèèrè obìnrin tó ń tún fóònù ṣe, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Iṣẹ́ tó ṣe fún mi, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ẹ̀ wà, ẹgbẹ̀rún kan náírà péré ló sì gbà lórí síìmù méjì.

Àdìrẹ ni mò ń tà. Orí WhatsApp ni èmi àti ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà mi ti ń pàdé, wọ́n á yan aṣọ, wọ́n á sanwó sí àkáǹtì, èmi á di ẹrù ránṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, nínú kòrópe tí mo wọ̀ l'Ókè-Baálẹ̀, wọ́n yọ fóònù mi nínú báàgì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fọkàn balẹ̀ díẹ̀ torí fóònù yẹn ní pásíwọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n tó rí i ṣí, ilẹ̀ á ti mọ́, màá ti dé báńkì. Háà! Wọn ò tiẹ̀ dá ara wọn láàmú pé àwọn ń ṣí fóònù. Síìmù ni wọ́n yọ, wọ́n tì í bọ fóònù mìíràn, káàdì ATM mi sì rèé lẹ́yìn fóònù, nínú pọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi í síbẹ̀. Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, 187,000 náírà tí mo fẹ́ fi ra ìgàn aṣọ funfun ti lọ ráúráú. Wọ́n tún gba WhatsApp mi, wọ́n ń bẹ àwọn kọ́sítọ́mà pé ọmọ mi wà ní ọsibítù, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wá 30,000. Màmá àgbàlagbà kan fi owó ránṣẹ́. Èyí ló pa mí lẹ́kún ju tèmi tí wọ́n kó lọ, torí orúkọ mi ni màmá yẹn wò.

Nígbà tí mo rí síìmù mi gbà padà tí mo sì ra fóònù mìíràn, àbúrò mi ní kí n lọ bá obìnrin yìí. Mo rò pé gíláàsì ló máa bá mi lẹ̀ mójú fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín ná." Ó yọ síìmù mi, ó tì í bọ fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì kan tó wà lórí tábìlì ẹ̀, ó tẹ *565*0#, ó sì gbé fóònù yẹn sí mi lójú. BVN mi rèé, nọ́ńbà mọ́kànlá, gbogbo ẹ̀ pé! Kò tíì bèèrè orúkọ mi o. Ó tún fẹ́ tẹ *346# kí n rí NIN, mo ní ó ti tó, àyà mi ti já. Ó wá ní, "Fóònù lẹ tì, mà, ẹ ò ti síìmù. Ilẹ̀kùn yàrá lẹ tì, gbangba ni géètì wà."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí lóòótọ́. OTP báńkì, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kí owó tó jáde, kóòdù WhatsApp, USSD tá a fi ń ṣe tránsífà, gbogbo ẹ̀ pátá, orí síìmù ló ń wọlé sí. Gbogbo síìmù ló sì ní PIN tiẹ̀ láti ilé, nọ́ńbà mẹ́rin, àwa la kì í tàn án. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ẹni tó bá fi síìmù yẹn sí fóònù mìíràn, kóòdù ni fóònù máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tì pa nìyẹn, àfi PUK oní nọ́ńbà mẹ́jọ ló lè ṣí i, tó bá tún ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù kú fin-ín-fin-ín.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an ni pé nígbà tó tó àsìkò kí n yan kóòdù tèmi, ó ti fóònù sọ́dọ̀ mi, ó yí àga ẹ̀, ó kọjú sógiri. Ó ní kí n má sọ ọ́ sókè, kí n má sì lo ọdún tí wọ́n bí mi. Mo ti bá àwọn tẹ́kíníṣíàn pàdé tó jẹ́ pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yín sórí bébà, kẹ́ ẹ sì fi fóònù sílẹ̀ di ọ̀la, àwa náà á sì kọ ọ́!

Ó bá mi fi PIN oní nọ́ńbà mẹ́fà sórí WhatsApp, ó ní kí n dín iye tí mo lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́ lórí ápù báńkì kù, ó sì ní kí n bèèrè kóòdù tí báńkì mi fi ń ti àkáǹtì pa látorí fóònù ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ báńkì ló ní in. Mo ti kọ tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ mi náà ní in lọ́wọ́.

Bí mo ṣe wà níbẹ̀, ọkùnrin kan wọlé, ó kó owó sí ètò sọ-owó-di-méjì kan, irú MMM tó ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016. Ó ní ẹnìkan lórí Telegram ní òun á bá a gba owó náà jáde tó bá lè san 50,000. Ọmọbìnrin yìí kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ má san án, olè kejì nìyẹn, báńkì àti EFCC ni kẹ́ ẹ lọ bá." Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tó kù sí: ẹ máa dúró pẹ́, bẹ́ńṣì kan ló wà, tí iná bá lọ, ooru ibẹ̀ kò ṣe é fara dà. Kò sì sọ fún mi pé ìgbàkígbà tí fóònù bá kú tí mo tàn án padà, màá tún tẹ kóòdù síìmù. Fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́ n'Íbàdàn, mo gbàgbé, mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n kí n tó rántí. Ó yẹ kó máa sọ ìyẹn fáwọn èèyàn, mo sì ti sọ fún un.

Kì í ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì mú páálí tí síìmù yín bá wá dání, ara ẹ̀ ni PUK wà, tí páálí bá ti sọnù, ẹ kọ́kọ́ gba PUK yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ni láìnì yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀.