Ẹ ṣọ́ra fún kẹ̀kẹ́ "700" tí wọ́n ń tà l'Óṣogbo

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ l'Óṣogbo, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń wá kẹ̀kẹ́ ìrìn-àjò, èyí tí èèyàn lè di ẹrù lé kó sì gùn ún dé Iléṣà tàbí Ìlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mò ń wí o, kì í ṣe Màrúwà.

₦185,000 ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì. Oṣù kejì rèé, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó tà á fún mi kò ní ṣọ́ọ̀bù, orí WhatsApp ló ti ń tajà. Mi ò dárúkọ rẹ̀ síbí, torí orúkọ tó jẹ́ fún mi kọ́ ló ń jẹ́ fún ẹlòmíì. Àkáǹtì tí mo sanwó sí gan-an, orúkọ obìnrin ló wà lórí ẹ̀. Ọgbọ́n tó ń lò ni kí ẹ mọ̀, òun nìkan kọ́ ló ń lò ó.

Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán ni pé tòkunbọ̀ ni, fíréèmù irin gidi, sáìsì 56, táyà 700, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. (56 ni gíga fíréèmù ní sẹ̀ǹtímítà, 700 sì ni orúkọ sáìsì rímù àti táyà rẹ̀.) Mo pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o, ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gbé e lọ́la." Mo ní ṣé mo lè wá wò ó láàárọ̀. Ó ní rárá, ọwọ́ òun kì í dilẹ̀ láàárọ̀, ká pàdé ní Ọláìyá ní aago méje alẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Ẹ̀yin náà mọ Ọláìyá lásìkò yẹn: ọ̀kadà níbí, kọ̀rọ́ọ̀pù lọ́hùn-ún, iná mọ́tò ń tàn síni lójú. Ta ló máa rí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lára ọ̀dà dúdú? Ọ̀dà náà sì ń dán bíi bàtà ṣọ́jà. Mo gùn ún yípo lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó ga jù fún mi díẹ̀, ó ní bí 56 ṣe ń rí nìyẹn, ó máa mọ́ mi lára. Mo fowó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó dúró títí alert fi wọlé fún un, ó sì wọ àárín èrò lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gba ọ̀nà Ẹdẹ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ń sáré, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tí mo fẹ́ wọ Ẹdẹ ni táyà ẹ̀yìn bú gbàù. Kì í ṣe ìṣó ló gún un, ara rọ́bà náà ló ti gbó tó ti sán wẹ́wẹ́ lábẹ́ pólíṣì dúdú tí wọ́n fi kùn ún. Vọkanáísà mẹ́ta ni mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Táyà 26 wà, táyà 28 ti kẹ̀kẹ́ àwọn àgbà wà, kò sí èyí tó gba rímù mi. Orí kọ̀rọ́ọ̀pù ni wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́ tí mo fi padà sílé, awakọ̀ sì gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi.

Mo ní kí wọ́n bá mi ra táyà 700 tuntun méjì l'Ékòó. Nígbà tó dé, mo gbé gbogbo rẹ̀ tọ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà Station Road. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé rímù lé itan, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí méjì ki táyà wọlé. Bí apá kan bá wọlé, apá kejì á yọ síta. Wọ́n fi ọṣẹ pa á, wọ́n tún un ṣe. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé 700 ni èyí?"

"Ẹni tó tà á fún mi ni, Bàbá."

"Lọ bu omi wá."

Wọ́n da Omo sómi, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ fọ ẹ̀gbẹ́ táyà àtijọ́ náà títí pólíṣì fi ṣí kúrò, wọ́n ní kí n kà á, ojú àwọn ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́tà tó yọ sókè lára rọ́bà ni, ó kéré bí ẹyin èèrà: 32-630. Wọ́n sì kọ 27 × 1¼ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ mọ̀. Èyí tó ṣáájú ni fífẹ̀ táyà, èyí tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n ojú rímù tí táyà ń jókòó lé, mílímítà ni wọ́n fi wọn méjèèjì. 700C, tí wọ́n ń gé kúrú sí 700, jẹ́ 622. 27 jẹ́ 630. 28 × 1½ ti Raleigh àwọn bàbá wa jẹ́ 635. 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè jẹ́ 559, 650B tó wà láàárín jẹ́ 584. Ẹ wo 622, 630 àti 635 dáadáa: tí ẹ bá tò wọ́n sára ògiri, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni oníjìbìtì ti ń jẹun. Mílímítà 8 péré ló wà láàárín 622 àti 630, ṣùgbọ́n wáyà tó wà létí táyà kì í fẹ̀, torí náà táyà 622 ò ní gun rímù 630 títí ayé. Òdìkejì rẹ̀ ló tiẹ̀ léwu jù. Táyà 630 á wọ rímù 622 wẹ́rẹ́, inú yín á dùn, tí ẹ bá wá fún un ní atẹ́gùn tán, ó lè fò jáde lórí ìrìn.

Ẹ má tún jẹ́ kí wọ́n fi "28" da yín lójú rú. Àwọn kan ń kọ 28 sára táyà 700, èyí tó túmọ̀ sí pé 27 tóbi ju 28 wọn lọ! Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo mọ̀. 29 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè náà, 622 ni. Ẹ fi ti orúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà á.

Kẹ̀kẹ́ 27 kì í ṣe kẹ̀kẹ́ burúkú o. Òun ni wọ́n ń gùn káàkiri ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan kí 700C tó gba ipò rẹ̀. Ká ní ó sọ òótọ́ fún mi, ì bá dín owó kù, ǹ bá sì wá táyà rẹ̀ pamọ́.

Mo rò pé ó ti tán. Bàbá ní kí n dúró. Wọ́n yọ òòfà sípíkà rédíò àtijọ́ kan nínú àpò irinṣẹ́ wọn. Wọ́n fi kan ọ̀pá òkè, ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí. Wọ́n fi kan ọ̀pá ìjókòó, ó lẹ̀. Wọ́n ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pá ìsàlẹ̀, nígbà tó ku bí ìka mẹ́ta kó dé ọrùn níbi tí fọ́ọ̀kì ti wọlé, òòfà já bọ́. Wọ́n gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún já bọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ họ ibẹ̀. Ohun tó ń ṣí kúrò kì í ṣe irin, bọ́dífílà tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò ni, ó ń rún bí ẹ̀kọ tó ti gbẹ. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá ti là dé ìdajì, wẹ́dà kan sì ti jó irin lé e gátagàta. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń gbá. Tó bá kán lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Iléṣà, ẹnu lèèyàn máa fi gbálẹ̀.

(Fíréèmù alumíníọ̀mù kò ní fa òòfà níbi kankan, ìyẹn kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń tà á bá ní irin ni, tí òòfà ò sì lẹ̀, irọ́ ti wọ̀ ọ́.)

Sáìsì ńkọ́? Sítíkà ni 56 yẹn. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín ibi tí ọ̀pá pẹ́dà gbà kọjá dé òkè ọ̀pá ìjókòó: sẹ̀ǹtímítà 61. Èmi tí gíga mi jẹ́ 170, bíi 53 tàbí 54 ló tọ́ sí mi. Kò tiẹ̀ di dandan kí ẹ mú tépù dání. Ẹ da ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá ọ̀pá òkè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín jókòó sílẹ̀ dáadáa; tí àyè bí ìka méjì tàbí mẹ́ta ò bá sí láàárín yín àti ọ̀pá, ẹ gbé e padà fún un.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Mo ní òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ ò gbà á láyè kó tan oníbàárà jẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sọ fún wọn." Ó sì dí nọ́ńbà mi. Mo ti kọ̀wé sí wọn.

Tí ẹ bá bi mí pé irú èwo ni kéèyàn rà fún ọ̀nà tiwa, fíréèmù irin ni mo máa sọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kí gìgísẹ̀ yín má baà máa gbá báàgì, kó ní ihò tí kárìà máa dè mọ́, kó sì jẹ́ rímù 559. 700 yá ju 26 lọ lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó tẹ́jú, àwọn tó ń sáré kò ní gbà fún mi. Ṣùgbọ́n táyà 26 ni mo rí ní Ẹdẹ lọ́jọ́ yẹn, táyà tí mo bá sì lè rí rà lójú ọ̀nà ló yá jù fún mi. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ sì máa ra kẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan fi status ọkùnrin náà ránṣẹ́ sí mi. Kẹ̀kẹ́ mìíràn ti dé. Búlúù ni wọ́n kun èyí, ó ń dán gbinrin, alẹ́ ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní 700 ni.